Ilé Wo La Wò Ká Tó Sorin Lórúkọ?

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo wá ni Síkírù Àyìndé Barrister wò? Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan lòun rí ní pápákọ̀ òfurufú tóun fi sọ orin òun ní fújì. Orin wéré tí wọ́n fi ń jí wa sí sààrì ló wá ń jẹ́ orúkọ òkè àwọn ará Japan! Ọmọ ọ̀hún sì yè, ó tún bímọ. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àwọn tó pòwe yẹn ò dé pápákọ̀ òfurufú rí.

Orúkọ wúlò ṣá o. Ẹ lọ wo àwọn tó ń kó orin sí mẹ́mọ́rì káàdì ní Ìkòtún nílùú Èkó. Awakọ̀ dáńfó á na káàdì sí wọn: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi kó fújì sí i, èyí tó gbóná o!" Ó parí. Fújì wà ní fódà tirẹ̀, jùjú wà ní tirẹ̀. Kí èrò tó kún ọkọ̀, orin ti kún káàdì. Àfi tí oníbàárà kan bá dé tó ní orin Ìsìláàmù tó ní ìlù fújì lòun ń fẹ́. Fódà wo la fẹ́ ṣí báyìí?

Ìṣòro fódà yìí kì í ṣe tòní. Lọ́dún 1987, àwọn oníléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù pàdé ní ilé ọtí kan ní Lọ́ńdọ̀nù, torí orin ilẹ̀ òkèèrè ò rí àyè jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n pè é ní "world music". Ni jùjú Sunny Ade àti orin àwọn obìnrin Bùlùgáríà bá di ọmọ ìyá. Àwọn yẹn kúkú wolé lóòótọ́: ilé ìtajà ni wọ́n wò.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọdún 2024. Grammy ya ẹ̀bùn kan sọ́tọ̀ fún orin Áfíríkà, Áfíríkà lódindi. Asake àti Olamide, àwọn ọmọ Nàìjíríà, gbé orin tí wọ́n pè ní "Amapiano" lọ. Tyla, ọmọ South Africa, ilẹ̀ tó ni orin amapiano gan-an, fi "Water" gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, MTV tún fún "Water" kan náà ní ẹ̀bùn Afrobeats. Ọmọbìnrin náà gbà á o, ó wá sọ fún wọn lórí ìtàgé pé amapiano lòun ń ṣojú fún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin Ìkòtún tẹ́ ẹ ti ń sọ orin yín ní Afro-eléyìí, Afro-tọ̀hún kó tó ní ègbè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orin náà ná. Ẹni tó fẹ́ tà á yóò wá fódà fún un.