Òkúta Tó Lọ Ṣojú Lóge

Ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà ní ilé ọnà Èsìẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945. Ìtàn ní ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Áàpù aṣojúlóge ti fẹ́ dá wọn padà. Ẹ gbé e kọjú sí ère kan: bó bá rí ojú, wẹ́rẹ́ ni yóò nu ilà tí òjò kò lè nù, yóò sì kun ètè. Ẹ wá fi ya ọmọ Òmù-Àrán tó mú yín lọ: ojú rẹ̀ á dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, òkúta gidi. Àwòrán panorama orí fóònù ní tirẹ̀ ń gé orí ẹni tó bá mira; àwọn ère tí orí wọn ti kán tipẹ́ nìkan ni ọkàn wọn balẹ̀. Lálẹ́, fóònù á kó ère méjì síwájú yín: ṣé ẹnì kan náà nìwọ̀nyí? Ẹ tètè dáhùn, ó fẹ́ to ẹbí yín.