Ẹ Bá Mi Bi Wọ́n: Kí Ni Addis Ababa Ń Wá Lọ́nà Bahia?

Ẹ bá mi pe àwọn tó ni bàálù jọ, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Ara mi ò gbà á mọ́.

Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, bí a bá na okùn tààrà, nǹkan bíi kìlómítà 5,000 ni. Láti Èkó sí Salvador, olú ìlú Bahia ní Bràsíl, nǹkan bíi 5,100 ni. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù á wọ bàálù, á jẹun, á sùn díẹ̀, kí wákàtí méje tó pé ó ti balẹ̀ nílùú Ọba. Èmi tí mò ń lọ sí Bahia ńkọ́? Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ dé Addis Ababa.

Addis Ababa kẹ̀! Ìlà-oòrùn ni Etiópíà wà, ìwọ̀-oòrùn ni Bràsíl wà. Àfi bí ẹni tó fẹ́ ti Ọ̀jọ́ta lọ sí Ọ̀ṣòdì, tí dírẹ́bà ní àwọn máa kọ́kọ́ kan Ṣàgámù! Kìlómítà bíi 3,900 la fi sá fún ibi tí à ń lọ. Láti ibẹ̀ sí São Paulo, ó kù bíi 9,900, wákàtí bíi méjìlá gbáko, Áfíríkà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là kọjá la sì tún fi bẹ̀rẹ̀. Mò ń wo máàpù tó wà lẹ́yìn ìjókòó iwájú mi, mo rí Èkó lápá ọ̀tún. Ó ṣe mí bíi kí n pariwo pé "Ó wà o!", kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun nílé.

São Paulo ọ̀hún kì í ṣe Bahia. A ó tún wọ bàálù mìíràn, kìlómítà bíi 1,450. Ẹ ro ó pọ̀: ó lé ní 15,000. Ìlọ́po mẹ́ta! Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì sì mọ ìṣirò yẹn ju olùkọ́ lọ.

Wọ́n ní kí n gba Yúróòpù. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kí wọ́n tó lè jókòó de bàálù mìíràn ní pápákọ̀ òfurufú lásán. Físà ìjókòó!

Nígbà tó jẹ́ pé ẹrú ni wọ́n ń kó, ọ̀nà là tààrà láti Èkó sí Bahia. Àwọn Àgùdà tó gbòmìnira, tí wọ́n ti Bràsíl padà wá tẹ Pópó Àgùdà dó l'Ékòó, ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń tì ni wọ́n bá dé. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì ni kò mọ̀nà.

Lóṣù Kẹjọ ọdún 2025, Nàìjíríà àti Bràsíl tọwọ́ bọ̀wé ní Brasília nítorí bàálù tààrà láti Èkó sí São Paulo. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ò níyẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin ìjòyè tó ń sọ ní gbogbo àpéjọ pé ẹbí ni àwa àti Bahia, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ fún mi mọ́. Mo mọ̀. Ẹ bá mi wá bàálù tó mọ̀.