Iná Tí Kì Í Ṣe Iná

Ní 2015, KCP&L, iléeṣẹ́ tó ń ta iná ní Kansas City, Amẹ́ríkà, nígbà náà, kéde pé òun yóò ri ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣáájì ọkọ̀ mọ́lẹ̀ káàkiri, ó lé ní 1,000. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò sanwó? Gbogbo oníbàárà ni o, títí dórí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Orí ààlà ìpínlẹ̀ méjì nìlú yẹn wà. Ní 2016, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iléeṣẹ́ iná ní Kansas ní àgbẹdọ̀. Ti Missouri fi ọgbọ́n kún tirẹ̀: ní 2017, ó ní ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun èlò iná lójú òfin, torí bátìrì ló ń yí táyà ọkọ̀, àti pé bí òun bá dá sí i, àfi kí òun dá sí ibi tí wọ́n ti ń ṣáájì fóònù náà. Wáyà wọ inú rẹ̀, iná ń tibẹ̀ jáde, síbẹ̀ kì í ṣe ohun èlò iná! Ó kù kí wọ́n ní àdògán kì í ṣe nǹkan ìdáná, torí ẹnu la fi ń jẹun.

Ní 2018, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Missouri là á mọ́lẹ̀: ohun èlò iná ni.