Aṣọ Ẹbí Ti Dé Ọ̀dọ̀ Télọ̀, Ìyàwó Ní Ọlọ́run Pe Òun

Ànkárá yáàdì mẹ́fà ni mo rà, èyí tó ní ẹyẹ ọ̀kín lára, gèlè rẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ti gbé e fún télọ̀ mi ní Sábó, ó ti wọ̀n mí láyà, ó ti wọ̀n mí nídìí, kí n tó gbọ́ pé kò sí ìgbéyàwó mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó ná. Kì í ṣe pé ọkọ já ìyàwó sílẹ̀ o. Kì í ṣe pé wọ́n ká ẹnikẹ́ni mọ́ ibi tí kò dára. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a kúkú mọ bí a ṣe ń sọ ọ́, ẹnu wa ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ní Ọlọ́run pe òun. Ó pè é síbo? Sí abúlé kan lójú ọ̀nà Kachia, níbi tí iná mànàmáná kò dé, pé kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ níwèé. Haba!

Mi ò ní dárúkọ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ máa ń ka ìwé ìròyìn, ó sì mọ ọwọ́ mi. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ ìjọ wa ni, níhìn-ín ní ìhà gúúsù odò Kàdúná, ọmọ tí gbogbo wa jọ tọ́. Ìmọ̀ ìṣirò owó ló kà, ó sì gbégbá orókè. Báńkì kan ní Èkó ti kọ̀wé pè é. Ọmọkùnrin kan ti fojú sí i lára, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, tí físà Kánádà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: Kánádà! Ní ìjọ wa, bí pásítọ̀ bá ní kí ẹni tó ń retí físà dìde fún àdúrà, ẹ ò ní rí ẹni tó jókòó àfi èmi àti àwọn ọmọ ọwọ́.

Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láti 1973 tí ìjọba ti gbé ètò náà kalẹ̀, tí wọ́n ń kó ọmọ ìhín lọ sí ọ̀hún, àwọn ìyá ti ń sunkún. Ti ọmọ yìí tiẹ̀ yàtọ̀: ìpínlẹ̀ Kàdúná níbí náà ni wọ́n fi í sí, a sì jó, a ní ewu ti fò ó dá. A ò mọ̀ pé NCCF ń dúró dè é. Ẹgbẹ́ àwọn àgùnbánirọ̀ tó jẹ́ Kristẹni nìyẹn. Wọ́n ní ilé kan tí púpọ̀ nínú wọn ń gbé pọ̀, ilé ẹbí ni wọ́n ń pè é. Olórí wọn ọkùnrin ń jẹ́ Papa, olórí wọn obìnrin ń jẹ́ Mama. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà ìjọ wa lọ́jọ́ kan, géńdé onírùngbọ̀n kan sáré wá bá ọmọ yìí, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó ní, "Mama, ẹ káàárọ̀ o." Mo wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ ilé ọkọ, òun ni wọ́n ń pè ní Mama! Èmi tí mo bí mẹ́rin, "Aunty" ni ìyàwó ọmọ mi ń pè mí.

Wọ́n tún ní nǹkan kan tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n ń pè ní "rural rugged". Orúkọ yẹn nìkan tó dá ìbà sí èèyàn lára. Wọ́n á ru jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n á wọ igbó lọ, wọ́n á sọdá odò tí kò ní afárá, wọ́n á sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíláàsì, kí wọ́n lè wàásù fún àwọn tí kò sí ẹni tó ń lọ bá. Irú ìjáde bẹ́ẹ̀ ló gbé ọmọ wa dé abúlé ọ̀hún. Ó rí ilé ìwé tí olùkọ́ ẹyọ kan wà nínú rẹ̀, olùkọ́ náà sì ń lọ sóko. Wọ́n parí iṣẹ́ ìsìnlú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n wá ọkọ̀ lọ. Òun padà síbẹ̀. Ó ti ń kọ́ èdè Adara! Ọmọ tí kò lè kí mi kú alẹ́ ní Yorùbá láìfi Gẹ̀ẹ́sì bù ú lé. Wọ́n ní ó ti lè sọ ìtàn Jósẹ́fù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní èdè àwọn ọmọ náà.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ìpàdé WMU, ẹgbẹ́ àwa obìnrin ìjọ, ní ọjọ́ Tuesday tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó rántí ìwé tí a fẹ́ kà. Ìyá kan ní oyún ni, pé abúlé ló fẹ́ lọ bí i sí. Òmíràn ní wọ́n ti fi nǹkan sí i lóúnjẹ ní ilé ẹbí wọn yẹn. Ẹ̀kẹta ní wòlíì kan á ti wà nídìí ẹ̀, ó ní kí wọ́n yẹ fóònù rẹ̀ wò. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn ní bó bá wálé lọ́jọ́ Sunday, kí wọ́n wo ikùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Kàdúná ń rí irú èyí. Omidan ni mí ní 1983. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Òmù-Àrán, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó kọ́ṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Pólì Ìlọrin, tó rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, ló fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀. Ó ní nínú oṣù karùn-ún 1981, òun wà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Iléṣà, Ọlọ́run sì bá òun sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjìdínlógún. Wákàtí méjìdínlógún! Bó bá jẹ́ ìyá mi ló bí i, á ti gbé e lọ sí Yaba Left lọ́jọ́ kejì. Kàdúná yìí ló kó ẹrù rẹ̀ wá. Ní oṣù kejìlá 1983 ló bẹ̀rẹ̀ ìjọ, àwọn tó sì bá a bẹ̀rẹ̀ kò pé márùn-ún. Mo ti dárúkọ rẹ̀ tán lọ́kàn yín: David Oyedepo ni. Ní 1989 ó kọjá sí Èkó. Ní 1999 ó ṣí tẹ́ḿpìlì kan ní Ọ̀tà tó gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta èèyàn lórí ìjókòó.

Lónìí, kò sí àgbàlagbà kan ní Kàdúná tí kò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Gbogbo wọn ló ti rí i pé ògo ń bọ̀. Bí gbogbo ẹni tó ní òun wà níbi ìsìn àkọ́kọ́ yẹn bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, pápá ìṣeré Ahmadu Bello kò ní gbà wọ́n.

Mo sọ èyí fún ìyá ọmọ náà kí n lè tù ú nínú. Ó wò mí bíi pé mo bú u. Ó ní, "Ìyá Rónkẹ́, ẹni kan ṣoṣo lẹ dárúkọ. Àwọn tó kù tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà ńkọ́? Níbo ni wọ́n wà?" Mi ò lè dá a lóhùn. Ẹ má sì jẹ́ kí a tan ara wa, èyí tó ń bà wá lórúkọ jẹ́ nílùú yìí kò kéré. Láti ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, tí UNTL pàápàá ti ilẹ̀kùn ní 2007, ọmọkùnrin tí kò bá rí iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà ti di àpọ́sítélì. Á tẹ páálí tí àwòrán rẹ̀ tóbi ju orúkọ Jésù lọ. Á máa lọ bá àwọn omidan lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní Ọlọ́run fi wọ́n hàn òun. Mo mọ ọ̀kan tí Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta hàn nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà, láàárín ọdún kan. Nítorí irú wọn, bí ọmọ gidi bá dìde tó ní òun gbọ́ ohùn, oyún la kọ́kọ́ ń wá.

Ìyá náà ní ohun mìíràn tó ń dùn ún, èyí tí kò sọ ní ìpàdé. Ojú ọ̀nà Kachia àti agbègbè rẹ̀ ni, nítorí àwọn ajínigbé. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹjọ oṣù kìn-ín-ní 2020, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó fẹ́ di Fadá ní Kakau, Good Shepherd, wọ́n gbé ọmọkùnrin mẹ́rin lọ. Mẹ́ta padà wálé. Ìkẹrin ni Michael Nnadi, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ìyá àgbà ló tọ́ ọ. Ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun ló pa á sọ fún oníròyìn pé ọmọ náà kò yéé wàásù fún òun nínú ìgbèkùn, pé kí òun ronú pìwà dà. Ọ̀tá gbé ìbọn dání, ọmọ ń sọ ọ̀rọ̀ ìyè fún un. Bíṣọ́ọ̀bù Kukah ló wàásù níbi ìsìnkú rẹ̀ ní oṣù kejì. Ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje 2021, wọ́n kó ọmọ ilé ìwé mọ́kànlélọ́gọ́fà ní Bethel Baptist, ilé ìwé ìjọ tiwa. Nítorí náà, nígbà tí ìyá yìí bá ń sọ pé ọmọ òun ti ya wèrè, kì í ṣe wèrè ló ń sọ. Mo mọ̀. Mo pa ẹnu mi mọ́ níbẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé kì í rọrùn fún mi.

Alàgbà wa kan ló dá gbogbo rẹ̀ rú. Ó dìde níbi ìpàdé ìjọ, ó ní ìtara àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò níláárí, pé ìgbà tiwọn ni ọ̀dọ́ Kristẹni wà ní Kàdúná. Ìgbà wo? Mo bi í léèrè níbẹ̀, àwọn kan sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Ṣé 1992, nígbà tí ìjà Zangon Kataf ràn dé ìgboro? James Wuye wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ohun ìjà nígbà náà, òun náà rò pé Ọlọ́run lòun ń ṣiṣẹ́ fún. Ó pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ níbẹ̀. Ní ìhà àwọn Mùsùlùmí, àwọn tiwa pa ẹni tó jẹ́ olùkọ́ fún Imaamu Ashafa, wọ́n sì pa ìbátan rẹ̀ méjì. Àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí pàdé ní 1995, wọ́n sì ti ń bá ìlú parí ìjà láti ìgbà náà. Pásítọ̀ ni Wuye báyìí. Àbí ọdún 2000 ni alàgbà ń wí, nígbà ọ̀rọ̀ Ṣàríà, tí a fi sá kúrò ní Tudun Wada pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo? Mo rántí àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé ìjọsìn lóru, àdá lọ́wọ́, orin lẹ́nu. Mo rántí wọn dáadáa. Kò sí ìyá kan tó ní kí a yẹ fóònù wọn wò. Kò sẹ́ni tó ní wọ́n ti fi nǹkan sí wọn lóúnjẹ.

Àwa la se oúnjẹ náà. Ìrẹsì ni. Mo ṣì rántí ìkòkò rẹ̀.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí n padà sórí ohun tó kàn wá. Ọmọ náà wálé lọ́jọ́ Sunday tó kọjá. Gbogbo ojú wà ní ikùn rẹ̀ láti orin àkọ́kọ́ títí dé ìkéde. Pẹrẹsẹ ni. Ó tiẹ̀ ti rù, ọrùn rẹ̀ gùn bíi ti lékeléke. Ní ti ọmọkùnrin Kánádà, ó ti wọ bàálù lọ láti ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá rẹ̀ sì ń wá ìyàwó mìíràn fún un. Mo ti dárúkọ ọmọ àbúrò mi. Kí ló burú níbẹ̀?

Lẹ́yìn ìsìn, ọmọ yìí wá bá àwa obìnrin lábẹ́ igi dọ́ńgóyárò. Ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́, orúnkún méjèèjì. Ó bẹ̀ wá pé kí a má bínú nítorí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ó wá ní nǹkan kan wà tí òun fẹ́ tọrọ. Ó ní òun gbọ́ pé àwa mẹ́rìnlélógún la ti ra aṣọ ẹbí. Ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé òun kò ní yunifọ́ọ̀mù. Ẹ wo ojú ọmọ! Ànkárá olówó ńlá, ẹyẹ ọ̀kín, pé kí n fi wọ ọmọ tó ń da ewúrẹ́!

Àwọn ìyá bú sí ẹ̀rín. Wọ́n rò pé eré ni. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde, kò sọ̀rọ̀, ó lọ sínú mọ́tò, ó gbé tirẹ̀ wá nínú ọ̀rá. Ó gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó sì yíjú sí òdìkejì.

Lọ́jọ́ Monday mo lọ sí Sábó. Télọ̀ mi ti gé bùbá, ó ti rán apá ọ̀tún. Mo ní kó tú u. Ó béèrè ìdí, mo sọ fún un, ó sì wo bùbá náà, ó wo èmi náà, ó ní bí òun bá wọ̀n ọ́n dáadáa, ọmọ méjì á jáde nínú rẹ̀. Mo dá aláìlójútì náà lóhùn bó ṣe yẹ. Gbogbo yáàdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo kó ránṣẹ́. Gèlè nìkan ni mi ò fún un.