Kìnnìún Tó Wà Nínú Gíláàsì

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ọmọ tí ẹ sanwó kó lè kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà, tó gbàwé ẹ̀rí ní 1919, ẹ wá bá a ní Paris, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi wáyà ṣe kìnnìún. Kí lẹ máa ṣe? Mo gbọ́: ẹ máa pèpàdé ẹbí.

Alexander Calder ará Amẹ́ríkà lọmọ náà, ẹbí ọ̀hún gan-an kò sì kúkú lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ère ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ère ni bàbá bàbá rẹ̀ ń ṣe. Iṣẹ́ bàbá àgbà ló wà téńté lórí gbọ̀ngàn ìlú Philadelphia dòní. Ẹni bíni là á jọ. Àmọ́ ère tiwọn dúró gbọnin, kì í mira. Calder ní tòun gbọ́dọ̀ máa ta kìtì! Láti 1926 ló ti ń fi wáyà, igi, àkísà àti èdídí ìgò ṣe odindi sákọ́ọ̀sì, ó ń kó o sínú àpótí ìrìnàjò káàkiri. Àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọnà bíi Miró àti Mondrian wá jókòó, wọ́n ń wòran bí ọmọdé.

Lónìí, mùsíọ́ọ̀mù Whitney ní New York ló ni sákọ́ọ̀sì náà. Aráàlú ló dáwó kí wọ́n tó rà á. Ó wà nínú gíláàsì, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kìnnìún ti wọ àgò lóòótọ́!

Ibi tí fíìmù ti wúlò nìyẹn o. Nínú fíìmù tí Carlos Vilardebó yà ní 1961, Calder, bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ń rá kòrò nílẹ̀, ó ń fọn fèrè, ó ń fi Faransé kéde bí alága ìnáwó. Louisa ìyàwó rẹ̀ wà nídìí giramafóònù. Kìnnìún bú ramúramù. Ẹnu Calder ni. Kìnnìún ṣu, Calder bu ìyẹ̀fun pákó, ó fi bò ó. Ojú rẹ̀ le bíi ti adájọ́.

Ẹ má pè é ní ìranù. Ẹni tó mọ bí wáyà ṣe ń fò láìṣubú ló padà so irin pẹlẹbẹ rọ̀ sókè, tí atẹ́gùn ń yí i, tí kò sì tẹ̀ sí apá kan. Iṣẹ́ ẹnjiníà rèé! Owó ilé-ìwé ò ṣòfò.

Nítorí náà, bí ẹ bá bá bàbá àgbàlagbà nílẹ̀ tó ń ké bíi kìnnìún, ẹ má tíì pe ẹbí. Ẹ kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà.