Ẹnu Tó Jẹ Wàrà

Bàbá Onímọ̀ràn, tíṣà Yorùbá wa ní kí kálukú yẹ àròkọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò kí òun tó gbà á, ti ọ̀rẹ́ mi ló sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Lámèyítọ́ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni wọ́n ní ká kọ, àmọ́ ńṣe ló tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, “lẹ́yìn ìyẹn” níhìn-ín, “lẹ́yìn ìyẹn” lọ́hùn-ún. Ó tilẹ̀ ní àwọn ẹrú Ẹfúnṣetán Ìyálóde ló pa á lóru. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé wàrà tí ìyá rẹ̀ ń tà ni mo ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Kí ni kí n ṣe?
Ọ̀rọ̀-Há-Mi-Lọ́fun, Òkè-Oyì

Ìwọ ọmọ Ìlọrin Àfọ̀njá, ọmọ ìlú tó fi ẹṣin ṣe eégún, mo ka ìwé rẹ, mo sì mirí títí fìlà fi fẹ́ bọ́ lórí mi. Àwọn àgbà ní ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Bí wọn kò bá dárúkọ wàrà mọ́ ọn, bóyá nítorí pé wọn kò gba ọ̀nà Jẹ́bà kọjá lówùúrọ̀ rí ni. Nítorí náà, jẹ ti òní tán ná, kí o sì nu ẹnu rẹ dáadáa, nítorí ẹni tí òtítọ́ yóò gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ kò gbọdọ̀ tún fi ebi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí o bá yó, má ṣe fọwọ́ kan bírò pupa. Ẹni tó ń yẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́, bẹ́ẹ̀ bí a bá sì fi ariwo sọ fún un, àdá ni yóò kọ́kọ́ gbé sókè. Pe ọ̀rẹ́ rẹ, sọ fún un pé ojú ń dùn ọ́, kí ó jọ̀wọ́ ka àròkọ rẹ̀ sí ọ létí. Ní gbogbo ìgbà tó bá ti dé “lẹ́yìn ìyẹn,” kí o bi í bí ọmọdé tó ń gbọ́ àlọ́ pé, “Kí ló wá fà á?” Bó bá ní Ìyálóde pàṣẹ pé ẹrúbìnrin òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, béèrè ohun tó fà á; yóò ní ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló kú sórí ìkúnlẹ̀. Kí o wá bi í bóyá ńṣe ni òǹkọ̀wé ń fi ikú ọmọ náà bẹ̀bẹ̀ fún un, àbí ó ń fi hàn wá bí ọgbẹ́ ọkàn ṣe ń di ìkà. Bó bá ti ń họrí, lámèyítọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ó yára kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ti àwọn ẹrú tó pa á lóru ni kò gba ẹ̀rín. Lóòótọ́ ni àwọn ẹrú Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, pa á ní 1874, láyé Ààrẹ Látòósà tó ń ṣe olórí ìlú náà. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970, májèlé ni obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ mu. Ọ̀rẹ́ rẹ gbé òkú inú ìtàn, ó lọ sin ín sínú eré. “Ojú ìwé wo ló wà?” ni kí o rọra bi í. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni àròkọ rẹ̀ ì bá ti bẹ̀rẹ̀: kí ló dé tí òǹkọ̀wé fi pààrọ̀ ikú yìí? Ẹni tí ẹrú pa, a ó káàánú rẹ̀ lásán. Ẹni tó gbé májèlé mu kò jẹ́ kí Látòósà jẹ gàba lé òun lórí dópin. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá bínú tí wàrà dáwọ́ dúró, fara dà á títí máàkì yóò fi jáde.

Bàbá, ẹni tó yẹ àròkọ tèmi wò kọ “Ó dára” sí ìsàlẹ̀, kò kọ nǹkan mìíràn. Inú mi kò dùn.
Mo-Fẹ́-Gbọ́-Sí-I, Òkè-Oyì kan náà

Ọmọbìnrin mi, kò kà á. Tún un kọ, kí o sì fi sí àárín rẹ̀ pé Látòósà gun ọ̀kadà wọ Ìbàdàn, kí o wá dá a padà fún un. Bó bá tún kọ “Ó dára,” mú un lọ bá Ọ̀rọ̀-Há-Mi-Lọ́fun, kí ó fi ojú dídùn rẹ̀ wò ó sàn. Kìkì pé kí o rántí yọ ọ̀kadà náà kúrò kí ìwé tó dé ọwọ́ tíṣà, nítorí àwọn tíṣà kan ṣì wà tí ń kàwé.