Iná Kú, Bíréèkì Ò Jí

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, koríko àti ewé ni wọ́n fi ń bo ilé. Ẹni tó bá rí èéfín lókè tó tún lọ tẹ́ ẹní, oorun àsùn-ùn-jí ló ń wá. Wọn ò fi kún un pé a kì í ta aṣọ bo iná náà kí ojú má baà rí i, torí kò wá sí wọn lọ́kàn pé ẹni tí orí rẹ̀ pé lè dán irú rẹ̀ wò. Wọn ò tíì mọ àwa ni.

Àwa la ní mọ́tò. Àwa ni iná pupa ń tàn sí lójú nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí a ń ní, "Iná yìí ń yọ mí lẹ́nu, ẹ bá mi pa á."

Ẹ jẹ́ ká mú Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ ayé ijọ́un, irú èyí tí àwọn tó ṣe é ń pè ní W123. Ọdún 1976 ni wọ́n gbé e síta ní Jámánì, wọ́n sì ń ṣe é títí wọ 1986. Nǹkan bíi 2,700,000 ni wọ́n ṣe. Láyé owó epo, ẹni tó bá gbé e wọ àdúgbò, ìlù nìkan ló kù kí wọ́n lù fún un. Títí dòní, ẹni tó jogún rẹ̀ kì í fẹ́ tà á. Ó ń nù ún láàárọ̀, ó ń gbé e lọ òde ìgbéyàwó, ó sì ń fẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ya fọ́tò. Ohun kan ló ń bu ẹwà rẹ̀ kù: iná bíréèkì tó tàn, tó kọ̀ tí kò kú.

Alhájì kan tó ní irú rẹ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ réwáyà.

"Alhájì, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wo bíréèkì yín."

"Ṣé bíréèkì ni mo ní kó o wò? Bíréèkì mi ń mú dáadáa. Iná ni mo sọ."

Réwáyà ò jiyàn. Owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ń bẹ nílẹ̀. Ó tú ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó yọ gílóòbù kékeré kan, ó jù ú sínú agolo mílíìkì tó ń kó nọ́ọ̀tì sí, ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Alhájì ṣáná sí ọkọ̀. Ibi tí iná wà tẹ́lẹ̀ dúdú kirikiri.

"Ẹn-ẹ́n! Kí lo wá ń dà mí láàmú fún?"

Ó sanwó, ó tún fi owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e.

Kí ni iná náà ń sọ tí wọ́n fi dí i lẹ́nu? Iṣẹ́ méjì ni wọ́n rán an. Ọkọ̀ yìí ò ní háńbíréèkì àfọwọ́fà láàárín ìjókòó. Pẹ́dàlì kékeré kan ló wà lápá òsì lọ́hùn-ún tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀, a ó sì fa ohun kan lára dáṣíbọ́ọ̀dù kó tó tú. Bí pẹ́dàlì náà ò bá padà dé àyè rẹ̀ tán, súwíìṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò gbà pé a ṣì tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni iṣẹ́ kìíní.

Iṣẹ́ kejì ló lẹ́rù. Nínú ike tí bíréèkì ọ́ìlì wà, nǹkan kan ń léfòó. Bí ọ́ìlì bá fà, yóò ta iná lólobó. Ọ́ìlì kì í sì í dédé fà. Bí bíréèkì pádì bá ṣe ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni písítìnnì ń yọ síwájú, tí ọ́ìlì ń tẹ̀lé e lọ dí àyè tó ṣófo. Bí kì í bá ṣe èyí, a jẹ́ pé ó ń jò níbì kan. Nítorí náà, ẹni tó kàn da ọ́ìlì kún un kí iná lè kú, ẹ̀gbọ́n Alhájì ni. Ọwọ́ tirẹ̀ kàn dọ̀tí díẹ̀ ni.

Pẹ́dàlì òsì yẹn ò sì bá ọ́ìlì da nǹkan pọ̀ rárá, wáyà ló ń fà á. Bí gbogbo ọ́ìlì bá jò tán lójú pópó, òun nìkan ló kù tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ lè tọ́. Iná kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ ọ́ìlì, tó tún ń ṣọ́ pẹ́dàlì, òun náà la wá sọ sínú agolo mílíìkì.

Àtúnṣe rẹ̀ ò tó ohun tí à ń sá fún. A ó wo ọ́ìlì, a ó wo pádì, a ó wá ibi tó ń jò. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, kí a tú pẹ́dàlì òsì, kí a sì fọwọ́ gbé e sókè. Bí iná bá kú bí a ṣe gbé e, wáyà tó ti dógùn-ún tàbí súwíìṣì fúnra rẹ̀ ló lẹ́bi. Bí pẹ́dàlì bá sì ń wọlẹ̀ jìnnà kó tó mú, ṣúù ẹ̀yìn ló ti jẹ. Inú dísìkì ẹ̀yìn ló wà. A ó dí táyà iwájú, a ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ lé sítáǹdì, a ó yọ bóòtù táyà kan, a ó máa yí táyà títí a ó fi rí kinní eléyín kan nínú ihò bóòtù náà. Sukudiráfà la ó fi yí i títí táyà yóò fi há, lẹ́yìn náà ni a ó dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí táyà yóò fi yí fàlàlà. A ó ṣe ìkejì bákan náà.

Ta ni yóò wá fi agbádá sùn sábẹ́ ọkọ̀, nígbà tí búlọ́ọ̀kù ò tán nílẹ̀? Ẹ dé iwájú gbọ̀ngàn àríyá kan ní Ìbàdàn, ìlú olókè. Ẹ ó rí bọ̀gìnnì tó ń dán yinrin, tí ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù jókòó sẹ́yìn táyà rẹ̀. Inú búùtù ni búlọ́ọ̀kù náà ń gbé láti òde dé òde, wọ́n sì fi àǹkárá òde tó kọjá wé e kó má baà ha ọkọ̀ lára. Ọmọ mólúè ayé àtijọ́ tó máa ń fò bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú igi wẹ́ẹ̀jì lórí òkè sàn ju èyí lọ. Òun mọ̀ pé ọkọ̀ òun ò ní bíréèkì, ìdí nìyẹn tó fi ń yára.

Ẹ má dá Alhájì nìkan lẹ́bi. L'Ékòó, bí ògiri bá sán, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé náà pé ó léwu, àwọn onílé kan wà tó jẹ́ pé ilé ọlọ́dà ni wọ́n máa ń sáré gbà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àmì ti pòórá. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ayálégbé tuntun ti san owó ọdún méjì, ó ń yin onílé pé ilé rẹ̀ mọ́. Ìpìlẹ̀ ò gbọ́ pé wọ́n ti kun ògiri.

Alhájì, ẹ padà sọ́dọ̀ réwáyà. Ẹ gba gílóòbù yín, bó bá sì gbowó lórí rẹ̀, ẹ fún un. Kó dá a padà síbi tó ti yọ ọ́, kí ẹ tẹ pẹ́dàlì òsì kí ẹ rí i pé ó tàn, torí iná tí kì í tàn rárá kì í ṣe àmì àlàáfíà. Bí mẹkáníìkì bá ti ṣe tirẹ̀ tán, tí iná náà fúnra rẹ̀ wá kú, ẹ pe ẹni tó ń ya fọ́tò.